Bí Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó Ṣe Lè Lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìkíni ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ìdílé dé ìdílé, ni wọ́n ń wá sí iwájú ààfin láti kí Awùjalẹ̀, ọba wọn, kú ọdún, kí wọ́n sì gba àdúrà. Aṣọ, ẹṣin, ìlù àti ìbọn tí a ń rí nínú àwòrán, inú ìkíni yìí ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹni tí kò mọ èyí yóò lọ, yóò ya fọ́tò títí iná fóònù rẹ̀ yóò fi tán, yóò sì padà sílé láìmọ ẹni tí ó ń kí ẹni. Àwa ará Àkúrẹ́ ní Ulefunta lọ́dọ̀ Déjì, àwọn ará Oǹdó sì ní ọdún Ògún àti Ẹkìmọ̀gún lọ́dọ̀ Ọ̀ṣemàwé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìlú àti ọba kò ṣàjèjì sí wa. Ètò ti Ìjẹ̀bú ni púpọ̀ nínú wa kò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé níbí, pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe lè múra ìrìn àjò náà sílẹ̀.

Ọjọ́ ni ohun àkọ́kọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí, a sì ń ka ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ọjọ́ ọjà. Ní ọdún 2024, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ni Iléyá, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Ní ọdún 2025, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ni Iléyá, Ojúde Ọba sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8. Òṣùpá ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka oṣù, ọdún wọn sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún tí a ń lò ní ọ́fíìsì lọ, nítorí náà ọdọọdún ni ọdún náà máa ń yá ju ti èṣí lọ. Ẹ lè ti ṣírò ọ̀sẹ̀ tí yóò bọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ara yín mọ́ ọjọ́ kan pàtó kí wọ́n tó kéde ìrísí òṣùpá. Ètò ọjọ́ mẹ́ta yìí tilẹ̀ rọrùn fún Mùsùlùmí ilé wa: ẹ ó kírun ní Yídì tiyín, ẹ ó pa àgbò, ẹ ó pín ẹran, ẹ ó sì gbéra ní ọjọ́ kejì láìsí pé ẹ já ẹbí jù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààfin tún wà níbẹ̀. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí oyè ní ọdún 1960, tí ó sì jẹ́ òun nìkan ni Awùjalẹ̀ tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa gbọ́njú mọ̀, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọba ni a ń lọ kí, bí nǹkan bá ti rí ní ààfin ni ètò ọdún náà yóò ti rí. Ẹnu ààfin àti ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ọdún ni kí ẹ ti gbọ́ bí yóò ṣe lọ, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó ń ta àyè ọkọ̀ lórí WhatsApp.

Ọdún náà kò pẹ́ láyé tó bí àwọn kan ti rò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ayé Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Afìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀, ọba gba àwọn Mùsùlùmí láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní gbangba, àwọn náà sì ń wá sí ojúde rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá láti dúpẹ́. Ìtàn tún ka Balógun Kúkù mọ́ ọn. Ajagun ńlá ni, olówó sì ni. Nígbà tí ó gba Ìsìláàmù, kò lè máa ṣe ọdún Ọdẹ̀dá, ọdún ìṣẹ̀ṣe kan, bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì kó gbogbo ẹ̀yẹ tí ó fi ń jáde, ẹṣin, ìlù, ìbọn àti ọ̀pọ̀ èrò, wá sínú ọjọ́ ìkíni ọba. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbòòrò títí ó fi di ti gbogbo Ìjẹ̀bú, tí Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùsùlùmí láìsí ẹni tí ó ń bi ẹnì kejì léèrè ibi tí ó ti kírun tàbí ibi tí ó ti gbàdúrà.

Ní ti ọ̀nà, láti Àkúrẹ́ ẹ ó gba Oǹdó lọ sí Òrè, níbẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sí títì márosẹ̀ tí ó ti Benin wá tí ó ń lọ sí Ṣàgámù, ẹ ó sì kọjá ìlú J4 àti Ògbèrè kí ẹ tó rí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀ tiyín, ọkọ̀ Èkó ni kí ẹ wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi dẹ́rẹ́bà bóyá Òrè ni ó ń gbà, nítorí àwọn kan ń gba Iléṣà àti Ìbàdàn, ẹni tí ó bá sì sùn lọ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò jí ní ibi tí kò fẹ́. Etí títì ni ọkọ̀ Èkó yóò sọ̀ yín sí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ni yóò gbé yín wọ ìlú. Ẹ gbéra láàárọ̀. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rí tí ó tó kí ẹ fi òru rin ọ̀nà yẹn.

Ibùsùn le ju ọ̀nà lọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ló ń padà sílé lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kí àlejò tó béèrè. Ẹni tí ó ní àna tàbí ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kí ó tètè tẹ̀ wọ́n láago, kí ó má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ìgò epo pupa kan láti oko Oǹdó kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹni tí kò ní ẹnìkan kí ó wá yàrá sí Àgọ́-Ìwòyè, Ọ̀rù, Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣàgámù, kí ó sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún kí ó tó di agogo mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọkọ̀ kì í ráyè ní agbègbè ààfin mọ́, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi parí rẹ̀.

Aṣọ wá ńkọ́? Níhìn-ín ni mo rí i pé àlejò ti máa ń ṣìṣe jù. Wọ́n rí àwòrán, wọ́n rò pé ìdíje aṣọ ni, wọ́n sì wọ ohun tí ó ń dán gbirigbiri tí kò ní orísun kankan. Ohun tí Ìjẹ̀bú ń bọ̀wọ̀ fún ni aṣọ tí ó ní ìwúwo àti ìtàn: òfì tí a hun dáadáa, dàńdógó tí ó gbà ara, iyùn tí kì í ṣe ike. Àwa náà ní i nílé. Bí ìyá yín ní àlàárì tàbí sányán tí ó ti wà nínú àpótí láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sá a sí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì wọ̀ ọ́. Ó dára ju léèsì tuntun tí ẹ jẹ gbèsè rà lọ. Ẹ rántí pé òfì ń mú ooru, pápá sì lè gbóná gidigidi láàárín òjò méjì, nítorí náà aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ òwú, agbòòrùn àti abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bàtà tí ẹ ti wọ̀ rí ni kí ẹ wọ̀. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ ra aṣọ tí ẹgbẹ́ kan yàn fún ọdún náà ní ọjà kí ẹ sì wọ̀ ọ́ wọ inú wọn, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wù yín. Wọn kò ní lé yín, wọ́n kàn yóò béèrè ọdún tí a bí yín àti ọmọ tí ẹ jẹ́, ẹ ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti gbóná.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbòǹgbò ohun tí ẹ lọ wò. Àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ ó rí ni wọ́n ń pè ní Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń tò ó: àwọn tí a bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ni ẹgbẹ́ kan, ọkùnrin ní tiwọn, obìnrin ní tiwọn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀, bíi Bọ́bagbìmọ̀, Gbọ́baníyì àti Bọ́bakẹ́yẹ. Ètò àtijọ́ ni, òun ni ìlú fi ń kó ọ̀dọ́ jọ fún iṣẹ́ ìlú, Ọba Adétọ̀nà ni ó sì tún jí i dìde ní ayé tiwa. Lójú àlejò, ó jọ aṣọ ẹbí ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ń parí ní ọjọ́ kejì òde, ẹgbẹ́ yìí kì í parí. Àwọn tí ẹ rí tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn nínú ẹgbẹ́ àgbà ti jọ wà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti jọ sin òkú ara wọn, wọ́n ti jọ dá owó fún iṣẹ́ ìlú.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ti ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bánà tí ó wà níwájú kí ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ wo onílù wọn, kí ẹ sì tẹ́tí sí ohun tí ìlù ń wí, nítorí oríkì ẹgbẹ́ àti ti ọba ni ó máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn: wọn kì í sáré, ìjó ẹ̀yẹ ni, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, kí gbogbo ènìyàn lè rí ìṣẹ́po aṣọ, fìlà, bàtà àti báàgì tí wọ́n mú dọ́gba. Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ìjókòó ọba, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Gbogbo ìnáwó oṣù mélòó kan, ìgbà kúkúrú yìí ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń wo fóònù wọn láti mọ̀ bóyá fọ́tò tí wọ́n yà tẹ́lẹ̀ dára. Bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ èrò tèmi, ìjókòó tí wọ́n ń dù lábẹ́ òrùlé kọ́ ni ibi tí ó dára jù. Ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń tò kí wọ́n tó wọ pápá ni. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan yóò ti máa tún gèlè ẹnì kejì rẹ̀ ṣe, tí akápò yóò ti máa bá onílù jà lórí owó, tí ẹ ó sì ráyè kí ènìyàn, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dá yín lóhùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹnu Oǹdó kì í pẹ́ kí ó tó máa gbọ́ ẹnu Ìjẹ̀bú.

Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń wọlé, ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń dìde. Ìdílé àwọn Balógun àti àwọn ajagun àtijọ́ ni wọ́n ń gun ẹṣin: Kúkù, Alátìṣe, Ọdúnúgà, Òtúbù, Towóbọ́lá àti àwọn mìíràn. Ìdílé ni ó ń jáde níhìn-ín, kì í ṣe ọjọ́ orí, nítorí náà ẹ ó rí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ nínú ọ̀wọ́ kan, ọmọdé tí a fi aṣọ olówó ńlá wé lórí gàárì, tí ẹnìkan di ìjánu ẹṣin mú fún un. Ìran tí ó bá ọba jagun ni wọ́n wá fi hàn pé àwọn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ogun yẹn kì í ṣe àlọ́: ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun wá bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n, nítorí pé Ìjẹ̀bú kò fẹ́ ṣí ọ̀nà ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún òyìnbó. Ìbọn ńlá wọn borí, ṣùgbọ́n orúkọ Balógun kò parẹ́, ẹni tí ó bá mọ èyí á mọ ìdí tí ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Èkó fi ń jókòó lórí ẹṣin bí ẹni pé ogun ń dúró dè é. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú awò dúdú àti sìgá lẹ́nu, tàn ká gbogbo ayé, láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ ti ń béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Kò burú. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ìdílé ni ọkùnrin náà bá jáde, kì í ṣe pé ó dá wá fún fọ́tò.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin ni ewu wà. Àwọn ìdílé yìí máa ń yìnbọn ṣakabùlà sókè, ìró rẹ̀ a sì máa dẹ́rù ba ẹṣin nígbà mìíràn. Ẹ má ṣe dúró lẹ́yìn ẹṣin, ẹ má ṣe sáré kọjá níwájú rẹ̀ nítorí fọ́tò, ẹ má sì tan iná kámẹ́rà sí i lójú. Ẹni tí ó gbé ọmọ ọwọ́ dání kí ó jìnnà sí ibi tí èéfín ẹ̀tù ti ń rú, kí ó sì fi òwú bo etí ọmọ náà. Ẹ bá ọmọ tí ó ti lè rìn sọ ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá pàdánù ara yín, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbi tí èrò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú ìwé pélébé, kí ẹ sì fi sínú àpò ọmọ náà.

Fún àwọn tí yóò ya fọ́tò, ẹ kí kí ẹ tó yà. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ tẹrí ba fún àgbà, ẹ sọ pé, “Ẹ kú ọdún, mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?”, kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ̀, wọ́n tilẹ̀ lè dúró dáadáa fún yín. Ọ̀rọ̀ dúróònù yàtọ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláàbò kí ẹ tó gbé e sókè. Owó náà ní òfin tirẹ̀. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ Ìjẹ̀bú sí onínàáwó, ìlù á sì dùn débi tí ọwọ́ yóò fi wọ àpò, ṣùgbọ́n òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti jíjó lé e lórí sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ di í sínú àpòòwé fún onílù. Ní ti oúnjẹ, ẹ wá ìkọ́kọrẹ́ jẹ kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì ra gàrí Ìjẹ̀bú bọ̀ wálé.

Àwọn kan wà lára yín tí bàbá tàbí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí iṣẹ́ gbé wá sí Àkúrẹ́, tí wọ́n sì ń lọ wò bí àlejò lọ́dọọdún. Irú wọn kò yẹ kí ó máa dúró lẹ́yìn okùn. Ẹ wádìí ẹgbẹ́ tí ọdún ìbí yín bọ́ sí lọ́wọ́ ẹbí nílé, ẹ lọ fara hàn wọ́n ní kété tí ọdún kan bá parí, nítorí oṣù púpọ̀ ṣáájú ni wọ́n ti ń yan aṣọ, tí wọ́n sì ń dá owó. Ẹni tí ó bá dé ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún yóò bá aṣọ níbi tí ó ti tán.

Ẹ má ṣe yára padà sílé ní ọjọ́ kẹrin. Inú odi ni Ìjẹ̀bú-Òde wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Geebu, tí yàrà ńlá yí i ká. Ẹni tí ó bá ń retí ògiri òkúta àti ẹnu ibodè kò ní rí i: yàrà tí a gbẹ́ ni, tí a kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ di òkè sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì yí Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ká, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó gbòòrò ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkè erùpẹ̀ tó mítà 20. Ẹrẹdò Súngbọ́ ni orúkọ rẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí i pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ní àwọn apá kan. Ìtàn Ìjẹ̀bú sọ pé Bìlíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó kan tí kò bímọ, ni ó gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parẹ́, àwọn kan sì ń pe obìnrin náà ní ọbabìnrin Ṣébà. Ọjọ́ tí Ṣébà wà láyé ti pẹ́ ju ti yàrà yìí lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá àwọn tí ń tọ́jú ibojì rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì jiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ mú ọmọ àdúgbò kan dání láti fi ọ̀nà hàn yín, nítorí igbó ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, torí ilẹ̀ ń yọ̀ nígbà òjò, ejò sì ń gbé ibẹ̀. Ní Òkè-Ẹ̀rì, ẹ béèrè èèwọ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé, pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì ti padà sí etí títì kí agogo méjìlá tó lù, kí ẹ lè ti kọjá Òrè kí ilẹ̀ tó ṣú.